Bá a Rìn: Eré Ìdárayá Níta Gbangba fún Ẹni Tí Ayé Sú

Ẹni tó ń gbèrò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kì í sábà pariwo rẹ̀ nígboro. Ó lè sọ pé, "Ayé ti sú mi," tàbí "Ẹ jẹ́ kí n lọ sinmi jàre." Ó lè máa pín aṣọ àti ẹrù rẹ̀ fún èèyàn láìnídìí. Ó lè tilẹ̀kùn mọ́rí, kó má jẹun, kó má sùn, kó má dá sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí a bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń yá wa lẹ́nu ni, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ẹni náà á dákẹ́, á sì padà sínú yàrá rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé èèyàn tó lé ní 720,000 ló ń gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún káàkiri ayé. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 15 sí 29, òun ló wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n jù. Ìrànlọ́wọ́ kan wà tí kò ná wa lówó, òun ni a fẹ́ kà nípa rẹ̀ nínú orí yìí: kí a mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde síta, kí a jọ nasẹ̀, kí a jọ gbá bọ́ọ̀lù, tàbí kí a jọ lọ sóko.

Ẹ jẹ́ ká fi Umunya ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oyi, ní ìpínlẹ̀ Anambra, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Enugu lọ sí Onitsha. Tansian University, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lè wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kó jìnnà sí bàbá àti ìyá rẹ̀. Oníṣòwò tí gbèsè ọjà Onitsha wọ̀ lọ́rùn lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n tó rí dókítà àrùn ọpọlọ, ó lè gba pé kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Nnewi, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ ní Enugu. Ó yẹ kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí wọ́n lọ àti ìgbà tí wọn yóò tún lọ, ojúlé wọn ni wọn yóò máa gbé. Pápá ilé ìwé, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀nà oko kò jìnnà sí ojúlé ẹnikẹ́ni.

Kí ni ìrìn lè ṣe fún ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì? Bí èèyàn bá ń rìn kánkán, ọkàn rẹ̀ á máa lù dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣàn lọ sí ọpọlọ. Ẹni tó bá rìn ní ojúmọmọ máa ń rí oorun sùn lóru. Oorun yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí òru ni èrò burúkú máa ń le jù fún ẹni tí kò rí oorun sùn. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ náà ń ran ara lọ́wọ́ láti mọ ìgbà tó yẹ kó jí àti ìgbà tó yẹ kó sùn.

Ní Amẹ́ríkà, James Blumenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Duke University ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n kó èèyàn 156 jọ, gbogbo wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún tàbí kí wọ́n pé e géérégé, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì ń bá gbogbo wọn jà. Àwọn kan lo oògùn, àwọn kan ṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, àwọn kan sì ṣe méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, ara àwọn tó ṣe eré ìdárayá ti yá tó ti àwọn tó lo oògùn. Èyí kò ní ká da oògùn nù o. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn gbọ́dọ̀ máa lò ó.

Àmọ́ kò yẹ kí a ti Amẹ́ríkà wá ẹ̀rí nìkan, nígbà tí Abẹ́òkúta wà. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Aro níbẹ̀. Lásìkò yẹn, ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò bá pé, ẹ̀yìn ògiri ni kó wà. Lambo ní rárá. Ó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ó ní kí ẹbí aláìsàn kọ̀ọ̀kan fi ẹnì kan tì í, kí ẹni náà máa sè fún un, kó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ti gba ìtọ́jú tán, wọn a bá àwọn ará abúlé lọ sóko. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn, wọ́n ń kí èèyàn, èèyàn ń kí wọn. Onírúurú àrùn ọpọlọ ni wọ́n tọ́jú níbẹ̀, kì í ṣe ti ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan. Òkìkí ètò yìí kàn dé òkè òkun, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO nígbà tó yá.

Ohun tí mo rí kọ́ jù nínú ètò Aro ni ẹnì kan tí wọ́n fi ti aláìsàn yẹn. Ẹni tí ayé sú kò ní agbára láti dìde fúnra rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé, "Lọ ṣe eré ìdárayá," a tún di ẹrù kún ẹrù rẹ̀ ni. Ẹ lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ na ẹsẹ̀ díẹ̀." Bí ó bá kọ̀, ẹ jókòó tì í díẹ̀, kí ẹ tún padà wá lọ́la. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti fi bẹ̀rẹ̀. WHO ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù bà á. Bí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Ẹ má gba etí títì márosẹ̀, ẹ má sì gba bèbè odò.

Ẹ má wàásù lójú ọ̀nà. Ẹnu máa ń yá èèyàn láti sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá jọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí kò sí ẹni tó ń tẹjú mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń fura, ẹ bi í ní tààràtà: "Ṣé ẹ ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara yín ni?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí èèyàn lọ́kàn. Ó máa ń tú ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ni.

Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tí ó sì ti mọ ọ̀nà tàbí ọjọ́ tí yóò fi ṣe é, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìrìn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, tàbí kí ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá máa ń dí ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọni sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin 2011 ní ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ẹni tó kàn ń ro èrò yìí, tó sì ń wá ìrànwọ́, kò rú òfin kankan.

Ìtìjú náà ń ṣèpalára. A máa ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa òwe yìí létí ẹni tí gbèsè tàbí ìjákulẹ̀ ń bá fínra. Èèyàn lè san gbèsè díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tún ìdánwò ṣe. Bí orúkọ ẹnì kan bá wá sí yín lọ́kàn bí ẹ ti ń ka orí yìí, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀ lónìí.