Oògùn Ìrora Iṣan: Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí Aláìsàn Dá A Dúró Lójijì

Ní àdúgbò Wuye nílùú Àbújá, gẹ́gẹ́ bó ti rí káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń ra oògùn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí iye náírà já wálẹ̀, ni owó oògùn ti lọ sókè gidigidi. Nígbà tí owó bá tán, ọ̀pọ̀ a máa lo hóró tó kù títí yóò fi tán, wọn a sì dúró síbẹ̀. Ní ti oògùn ìrora iṣan, ewu ń bẹ nínú irú ìdádúró bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe

Méjì lára àwọn oògùn tí àwọn dókítà máa ń kọ fún ìrora iṣan ni gabapentin àti pregabalin. Irú ìrora yìí kì í ṣe ti egbò. Àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ gan-an ló ní àbùkù. A máa jó bí iná, a sì máa gún bí abẹ́rẹ́, pàápàá ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ní àrùn àtọ̀gbẹ. Wárápá ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí gabapentin fún lọ́dún 1993. Ọdún 2004 ni wọ́n fọwọ́ sí pregabalin.

Àwọn oògùn méjèèjì máa ń dín iṣẹ́ ìrora tí iṣan ń rán kù. Bí wọ́n bá pẹ́ lára, ọpọlọ yóò ti bá wọn mọ́ra. Bí wọ́n bá kúrò lójijì, àwọn iṣan tí oògùn ti ń ká lọ́wọ́ kò yóò ta kìjí ju bó ti yẹ lọ. Lára ohun tó lè tẹ̀lé e ni àìrí oorun sùn, àìbalẹ̀ ọkàn, òógùn, èébì, orí fífọ́ àti ìrora. Gìrì lè mú ẹni tó ní wárápá.

Ibi tí àṣìṣe ti sábà máa ń wáyé nìyí: aláìsàn lè rò pé àìsàn àtijọ́ ló le sí i, kí ó sì lọ ra tramadol láìgba àṣẹ dókítà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé bí a bá lo gabapentin tàbí pregabalin pọ̀ mọ́ irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀, ó lè dí èémí lọ́wọ́, pàápàá lára àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró.

Bí a ṣe ń dín in kù

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni dókítà máa ń mú oògùn yìí wọ ara, díẹ̀díẹ̀ ló sì yẹ kí ó jáde. Ìlànà tí àwọn aláṣẹ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 2014 sọ pé kí ìwọ̀n pregabalin tí à ń lò lójúmọ́ má ṣe dín ju mílígíráàmù 50 sí 100 lọ lọ́sẹ̀ kan. Ní ti gabapentin, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 300 lọ ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tó ń lo hóró pregabalin mẹ́rin lójúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 75. Dókítà lè ní kí ó lo mẹ́ta lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ó tó dá a dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ hóró 42. Bí kò bá dín in kù, ọjọ́ mẹ́wàá àti ààbọ̀ péré ni hóró 42 yóò tó o lò. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí oògùn ku ti ọ̀sẹ̀ kan kò ní èyí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí. Dókítà ni yóò ṣètò ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bí aláìsàn bá ní wárápá, bí ó bá lóyún, tàbí bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí inú ìtọ̀ ni oògùn méjèèjì ń gbà jáde. Bí ara bá ni ín jù, dókítà lè ní kí ó padà sí ìwọ̀n tó lò kẹ́yìn, kí ó sì pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ó yẹ kí ẹni tó bá rí i pé owó òun kò ní ká oògùn oṣù tó ń bọ̀ ka iye hóró tó kù lónìí, kí ó sì gbé e lọ bá dókítà tó kọ ọ́. Kò sí ìtìjú nínú sísọ pé owó kò sí: dókítà tàbí apoògùn lè mọ irú oògùn kan náà tí owó rẹ̀ kéré, tó sì ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Bí kò bá sì sí, oògùn tó ṣì wà lọ́wọ́ ni yóò fi dín in kù.