Kí Ẹ Tó Kun Mọ́tò Yín Lọ́dà Tuntun

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Bí òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò yín bá ti ṣá, tó funfun bí ẹni da eérú lé e, ẹ má tíì gbé e lọ fún pẹ́ńtà.

Lọ́dọ̀ wa ní Ìtàjí-Èkìtì, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn àti eruku ọyẹ́ ló ń bá ọ̀dà mọ́tò jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, tàbí tí ẹ ń ná ọjà lọ́nà Ìkọ̀lé, ẹ mọ̀ pé inú oòrùn ni mọ́tò ń wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fi kun mọ́tò, inú ààrò gbígbóná ni wọ́n ti yan án. Pẹ́ńtà ẹ̀bá títì kò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ fi máa ń bèèrè bóyá “first body” ni, ìyẹn ni pé wọn kò tíì tún un kun rí. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dín iye mọ́tò yín kù.

Ọ̀dà tó ṣá ṣì lè tún dán láìjẹ́ pé ẹ tún un kun, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi aṣọ funfun àti kọ́ńpáǹdì díẹ̀ (“rubbing compound”, ìpara tí wọ́n fi ń ra ọ̀dà mọ́tò) ra ibi kọ́lọ́fín kan. Bí àwọ̀ mọ́tò bá yọ sára aṣọ, kò ní “clear” (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tó ń bo ọ̀dà aláwọ̀) lórí, irú ti àtijọ́ ni. Bí àwọ̀ kò bá yọ, “clear” ló wà lókè, ó sì tín-ín-rín ju ewé ìwé lọ. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀dà bá ti ń bó, kọ́ńpáǹdì kò lè ràn án lọ́wọ́. Pẹ́ńtà ló kàn.

Bí kò bá tíì bó, ẹ wá ibòji, kí ara mọ́tò tutù. Ẹ fi ọṣẹ mọ́tò fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, kí ẹ ṣan án, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi téèpù bo gbogbo rọ́bà dúdú, torí kọ́ńpáǹdì máa ń gbẹ funfun sára rẹ̀. Ẹ bu ìwọ̀nba díẹ̀ sí fóòmù tútù, kí ẹ máa ra ibi kékeré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì nù ún kó tó gbẹ. Ẹ rọra ṣe etí ilẹ̀kùn àti igun, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ lo pọ́líìṣì, kí ẹ fi wax parí rẹ̀. Ẹ má fo wax o! Ohun líle tó rí lẹ́búlẹ́bú nínú kọ́ńpáǹdì ló ń ha òkú ojú ọ̀dà kúrò. Bí ẹ kò bá fi wax bo ojú ọ̀dà tó yọ nísàlẹ̀, oòrùn yóò tún jẹ ẹ́. Ẹ máa tún fi wax pa á ní oṣù méjì sí mẹ́ta síra wọn, ṣùgbọ́n ẹ má sọ kọ́ńpáǹdì di àṣà, torí ìgbàkígbà tí ẹ bá lò ó ni ọ̀dà ń dín kù.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi dísù tàbí kẹrosíìnì nù ún kó lè dán, ẹ má gbà. Dídán rẹ̀ kì í tọ́jọ́, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò lára ilẹ̀kùn kan péré kí ẹ tó san owó ọ̀dà fún ẹnikẹ́ni.