ÀBÙKÙ TÍ A FI ỌWỌ́ ARA WA KÓ BÁ ALÙPÙPÙ

Àwọn àgbà a máa wí pé àìmọ̀ọ́gún, àìmọ̀ọ́tẹ̀, òun ni í mú iyán ewùrà lẹ́mọ. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí, níbi tí a ti ń fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́, bí oúnjẹ bá bàjẹ́, ọwọ́ tí ó sè é ni a kọ́kọ́ ń wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ alùpùpù rí. Púpọ̀ nínú àbùkù tí a ń tìtorí rẹ̀ bú ẹ̀yà titun tí a rà, ọwọ́ ẹni tí ó fi í sí i ni ó ti wá.

Ìdí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí nìyí. Nígbà tí àwa mẹ́ta lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, alùpùpù kan ṣoṣo ni a ní láàárín wa. Ṣéènì rẹ̀ gbó. A ra òmíràn ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ san owó iṣẹ́ fún mẹkáníìkì. A yá sípánà, a sì pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọ̀kan nínú wa ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó tẹ búréèkì ẹ̀yìn. Ìró ńlá kan dún, táyà ẹ̀yìn há, òun àti alùpùpù sì ṣubú sínú kòtò. Ọlọ́run yọ ọ́. Awọ orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ nìkan ni ó bó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì wa kan ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, wọn kò jìnnà ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí a lè sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá mẹkáníìkì tí a gbé e tọ̀ lọ kò bá wa jà. Ó fi ọwọ́ kan irin gbọọrọ kan, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin tíṣà, nígbà tí ẹ tú táyà yìí, ta ni ó so irin yìí padà?” A wo ojú ara wa. A ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kò mọ̀ pé ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe.” Ohun tí a rí kọ́ láti ọjọ́ náà ni a tò sí ìsàlẹ̀ yìí.

Èkínní, irin tí ó di búréèkì mú. Ní ara ọ̀pọ̀ alùpùpù tí búréèkì ẹ̀yìn wọn wà nínú ìdí táyà, irin kan so awo búréèkì mọ́ férémù, kí awo náà má ba bá táyà yí. Bí a kò bá dá nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà, kò sí ohun tí yóò hàn títí a ó fi tẹ búréèkì. Nígbà náà ni awo yóò yí, yóò fa ọ̀pá búréèkì tì, táyà a sì lè há lójijì. Àṣìṣe tiwa nìyí.

Èkejì, kílíìpù ṣéènì. Kílíìpù tí a fi so orí ṣéènì pọ̀ là ní apá kan, ó sì dì ní apá kejì. Apá tí ó dì ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ. Bí èyí tí ó là bá ṣíwájú, ohun tí ó bá gbá a lè ṣí i kúrò, ṣéènì a sì já.

Ẹ̀kẹta, ìwọ̀n. Nọ́ńbà ara ṣéènì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láti pín kan dé èkejì, mìlímítà 12.7 ni ti 420, bẹ́ẹ̀ náà ni ti 428. Ṣùgbọ́n inú 428 fẹ̀ jù. Nítorí náà 428 yóò wọ irin eléyín tí a ṣe fún 420, yóò sì tàn wá jẹ, ṣùgbọ́n yóò máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tí ó jọ nǹkan kì í ṣe nǹkan náà. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní orílẹ̀-èdè wa fi igbá dé orí. Igbá náà jọ àṣíborí, ṣùgbọ́n kò lè gba orí là.

Ẹ̀kẹrin, iná. Bí a bá fi fóòtì pín wáàtì, a ó rí ámpù. Gílóòbù wáàtì 35 lórí fóòtì 12 ń gba bí ámpù 2.9, ti wáàtì 55 ń gba bí 4.6. Wáyà tín-ín-rín tí a ṣe fún ti àkọ́kọ́ yóò gbóná lábẹ́ èkejì. Fíúsì ni olùṣọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì tí ó jó, ó lé olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé lọ sùn.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kan alùpùpù rẹ̀. Kí a tó tú u, kí a ka ìwé rẹ̀. Bí a bá ti ń tú u, kí a máa to ohun gbogbo sórí aṣọ gẹ́gẹ́ bí a ti ń yọ wọ́n. Bí ohun kan bá ṣẹ́kù lórí aṣọ, iṣẹ́ kò tí ì parí. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e dúró, kí a fi ọwọ́ yí táyà, kí a tẹ búréèkì, kí a sì gùn ún jẹ́jẹ́ nínú ọgbà kí a tó bọ́ sí títì.

Owó iṣẹ́ tí a rò pé a pa mọ́, a san ju bẹ́ẹ̀ lọ fún búréèkì titun àti oògùn ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn wá jù lọ ni pé, bí ọmọ kan nínú kíláàsì wa bá fò ìlà kan nínú ìṣirò rẹ̀, a máa ń ní kí ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa fo nọ́ọ̀tì kan, kò sì sí ẹni tí ó yẹ iṣẹ́ wa wò. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tí kò mọ̀ kọ́ láti béèrè, nítorí àwọn ọmọ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.