ÀWỌN ẸYẸ ARÌNRÌN-ÀJÒ TÍ Ń ṢỌDẸ: BÁWO NI WỌ́N ṢE Ń RÍ OÚNJẸ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.



Hádíìsì kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Áfáà wa nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ìjẹ-ìmu bá délẹ̀. Sayyidinaa Umar ló gbà á wá, Imaamu Tirmidhi sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ẹyẹ tí ń fi ebi jáde láàárọ̀, tí ó sì ń fi àyo wálé nírọ̀lẹ́. Àwọn kan máa ń fi hádíìsì yìí gbè lẹ́yìn ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹyẹ náà jáde. Kí ló ń ṣe láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́? Ohun tí ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí nìyẹn. A ó sì mú un lára àwọn ẹyẹ tí ń ṣọdẹ tí wọ́n tún jẹ́ arìnrìn-àjò bíi tiwa, èyí tí àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya máa ń rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí àwòdì, tí àwọn Hausa tó gbà wá lálejò ń pè ní shirwa. Oríṣi méjì ni. Èyí tí àgógó rẹ̀ dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà òjò, ìhà àríwá ni ó ń fò sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù láti lọ yé ẹyin. Èyí tí àgógó rẹ̀ dúdú, ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti ń pamọ. Láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, kí òtútù tó dé lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú wọn á gba orí omi tóóró tó wà láàárín Sípéènì àti Mòrókò kọjá, wọ́n á la aṣálẹ̀ Sàhárà já, wọ́n á wá bá wa níbí.

Bí àwòdì bá fẹ́ rìn jìnnà, ó ń dúró kí oòrùn mú ilẹ̀ gbóná, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè, òun ni ẹyẹ náà sì ń gùn bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Ó kàn na apá ni, ó ń yí po, ó ń fi ìrù darí ara rẹ̀. Agbára tí ì bá fi ju apá, ó fi pamọ́. Àwọn bàbá wa tí wọ́n sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá, wọ́n ti wo ẹyẹ yìí dáadáa.

Láti òkè yẹn, ojú ló ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹyinjú àwa ènìyàn, ibi kan ṣoṣo ló wà tó ń ríran kedere jù. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí ń fi ọ̀sán ṣọdẹ ní méjì nínú ẹyinjú kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń wo ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan ń wo iwájú. Wọ́n sì ń ṣọ́ ara wọn. Bí àwòdì kan bá já wá sílẹ̀ nídìí odò ẹran tàbí lórí ààtàn, àwọn tó kù á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Wọ́n mọ èéfín pẹ̀lú. Níbi tí iná bá ti ń jó igbó nígbà ọyẹ́, ẹ ó rí wọn níwájú iná, tí wọ́n ń ṣa tata àti alángbá tó ń sá, tí wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ láti inú ẹsẹ̀ bí wọ́n ti ń fò lọ.

Ẹyẹ kejì ló wù mí jù. Montagu's harrier ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àṣá ni ọ̀pọ̀ wa kàn ń pè é. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, abo rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀. Kò wúwo tó ìdajì kìlò, síbẹ̀ ó ń rìn ju 4,000 kìlómítà láti oko àlìkámà ilẹ̀ Yúróòpù wá síbí. Kì í gòkè púpọ̀ bó bá ń ṣọdẹ. Ìsàlẹ̀ ni, lórí koríko, jẹ́jẹ́, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni tó sọ owó nù sílẹ̀. Lọ́hùn-ún, eku oko àti ẹyẹ kéékèèké wà lára oúnjẹ rẹ̀. Níbí, tata ni ó ń jẹ jù, fara tí àwọn obìnrin ń dín tà lọ́jà yẹn gan-an.

Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ yìí kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé ẹyẹ náà kì í jókòó sójú kan títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìhà aṣálẹ̀, níbi tí òjò ti kọ́kọ́ ń dá. Bí koríko bá gbẹ tí tata dín kù, ó á ṣí lọ sí ìhà gúúsù níbi tí ewé ṣì tutù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún lè padà sí àwọn ibùdó kan náà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ṣòwò láti ọjà kan dé ọjà kejì ní ilẹ̀ yìí yóò mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ìwádìí mìíràn, ní ọdún 2016, fi hàn pé bí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń le sí i, ẹyẹ yìí ń fi kún àsìkò tó fi ń fò wá oúnjẹ lóòjọ́, ní ìgbà tó yẹ kó máa múra ìrìn-àjò ilé gan-an.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí a kò lè ṣàì sọ. Àwọn kan láàárín wa ń fi májèlé sínú ìfun ẹran, wọ́n ń gbé e sí gbangba nítorí àwòdì tó gbé òròmọdìẹ wọn. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní Ànábì ti ka àwòdì mọ́ àwọn márùn-ún tí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tó pa wọ́n. Òótọ́ ni, hádíìsì náà wà nínú Bukhari àti Muslim. Ṣùgbọ́n májèlé kò mọ àwòdì yàtọ̀ sí ajá aládùúgbò, igún tàbí ọmọ tó ń ṣeré. Ànábì kan náà ló sì kọ̀ fún wa láti ni ẹlòmíràn lára. Àṣá eléérú yẹn kì í ṣe àwòdì rárá. Kòkòrò tí ń jẹ ọkà àti ẹ̀wà wa ni ó ń jẹ. Ẹni tó bá ń sin adìẹ, kó ra agọ̀, kó sì dé àwọn òròmọdìẹ mọ́ ọn títí wọn yóò fi dàgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú, ẹ mú ìwé yín. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí àwòdì lẹ́yìn òjò ọdún yìí, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ àti àwọ̀ àgógó rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibi iná ni, ẹ má sún mọ́ ọn o.