Orí Kẹsàn-án: Kíkan Ilé fún Ọ̀yà

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ kọjá rí ti mọ ọ̀yà. Àwọn tó ń tà á máa ń dúró lẹ́bàá títì, wọ́n á gbé e sókè kí onímọ́tò lè rí i. Ẹran rẹ̀ dùn, owó rẹ̀ sì gbé pẹ́ẹ́lí. Nítorí owó yìí ni àwọn ọdẹ kan ṣe ń dáná sun igbó lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn kí ọ̀yà lè sá jáde. Iná náà kì í mọ ààlà. Á jó oko olóko, á jó kòkó, á jó ọ̀pẹ. Ó sàn kí ènìyàn máa sin ọ̀yà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gidi lórí bí a ṣe lè sọ ọ̀yà di ẹran ọ̀sìn, ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ sì ti dé etí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ilé ọ̀yà ti dá dúró. Wọ́n á kan ilé tí wọ́n ń kàn fún ehoro, wọ́n á kó ọ̀yà sí i, kí oṣù tó yípo, ọ̀yà ti wọ igbó lọ. Ọ̀yà kì í ṣe ehoro. Ohun méjì ló yà á sọ́tọ̀: eyín rẹ̀ àti ìbẹ̀rù rẹ̀. Eyín rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí a ó fi kan ilé náà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí a ó gbé e sí àti bí inú rẹ̀ yóò ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo eyín náà. Bí ẹ bá rí ọ̀yà tí wọ́n pa, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ wò. Eyín iwájú mẹ́rin ló ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Wọ́n fẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni wọ́n ní, ti òkè sì ní ilà jíjìn lára láti ìdí dé ẹnu. Eyín wọ̀nyí kì í yéé hù. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gùn sí i títí ọ̀yà yóò fi kú. Bí kò bá rí nǹkan líle gé, wọn yóò gùn débi pé kò ní í lè jẹun mọ́, ebi ni yóò sì pa á. Nínú igbó, èèsún àti ìrèké ló ń gé láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Egungun òkú ẹran pàápàá, bó bá bá a pàdé, yóò jókòó tì í, yóò máa ha á. Nítorí náà, bí ọ̀yà bá ń jẹ pákó ilé tí a kàn fún un, kì í ṣe pé ó ya pòkíì. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń tọ́jú.

Bí ẹ bá lọ bá káfíńtà, ó lè sọ fún yín pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìrókò ni mo máa fi kàn án. Kò sí eku tó lè jẹ ìrókò."

Ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá káfíńtà. Mo fẹ́ ìrókò yẹn, àmọ́ ẹ bá mi fi páànù tẹ́ gbogbo inú rẹ̀."

Pákó líle kàn ń dá ọ̀yà dúró díẹ̀ ni, kò lè dá a dúró pátápátá. Ohun tó ń ṣẹ́gun eyín rẹ̀ ni ibi tó bá tẹ́jú, tó sì dán. Kò sẹ́ni tó lè ki eyín bọ odindi elégédé, àfi tí a bá ti là á, kí eyín rí etí rẹ̀ dì mú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀yà. Àárín pákó tó tẹ́jú kì í sábà dùn ún jẹ. Etí pákó ló ń wá, igun ilé ló ń wá, ẹnu ihò ló ń wá, àti ibi tí pákó méjì ti pàdé tí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn. Bí eyín rẹ̀ bá ti rí ibì kan dì mú, ibẹ̀ ni yóò padà sí ní gbogbo òru títí ihò yóò fi là.

Páànù pẹlẹbẹ ni kí ẹ rà, kì í ṣe páànù kólokòlo tí a fi ń bo ilé. Òpó àti pákó yóò wà níta, páànù yóò wà nínú. Kí káfíńtà má ṣe jẹ́ kí etí páànù méjì pàdé ara wọn ní igun. Kí ó tẹ ọ̀kan kọ igun náà kọjá, kí ó wá gbé èkejì lé e, kí etí rẹ̀ má bàa yọ. Ní ẹnu ilẹ̀kùn àti níbi gbogbo tí ihò bá wà, kí ó ká páànù náà bo etí pákó lọ sí ìta. Orí ìṣó tó fẹ̀ ni kó wà nínú, kí ṣóńṣó rẹ̀ yọ síta, kí ó sì fi òòlù tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Kí ẹ tó sanwó rẹ̀ tán, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ilé náà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo rẹ̀, ògiri, igun, ìsàlẹ̀ òrùlé. Ohunkóhun tó bá gún yín lọ́wọ́, yóò gún ọ̀yà lójú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi oògùn ikán kun pákó náà, kí ó má sì fi ọ̀dà kun inú rẹ̀. Ohun tí ọ̀yà bá gé, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò dé ọ̀fun.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, kí ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀ kí ó dán. Ilé búlọ́ọ̀kù máa ń pẹ́ ju ilé pákó lọ, ó sì máa ń tutù. Èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó bá ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ayálégbé, pákó ló yẹ ẹ́, torí ó ṣeé gbé.

Nẹ́ẹ̀tì tí a ó fi sí iwájú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi owó ná. Nẹ́ẹ̀tì adìyẹ tó fẹ́lẹ́, òwú ni lẹ́nu ọ̀yà. Nẹ́ẹ̀tì onírin tó nípọn, tí wọ́n jó pọ̀ ní gbogbo oríkèé rẹ̀, ni kí ẹ wá. Kí ihò rẹ̀ má ju ìdajì íǹṣì lọ. Inú òpó ni kí ẹ kàn án mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn òpó, gbogbo ìgbà tí ọ̀yà bá fi orí tì í ni yóò máa fa ìṣó yọ, ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ yóò sì ṣí. Bí ó bá wà nínú, bó ṣe ń tì í ni yóò máa lẹ̀ mọ́ òpó sí i.

Ìdí mìíràn wà tí ihò nẹ́ẹ̀tì fi gbọ́dọ̀ kéré. Ọmọ ehoro máa ń bọ́ sáyé láìní irun, ojú rẹ̀ á sì dì. Ọmọ ọ̀yà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irun ti bò ó nígbà tí wọ́n bá bí i, ojú rẹ̀ ti là, lọ́jọ́ náà gan-an ló sì ti ń sáré káàkiri. Ihò tí ìyá rẹ̀ kò lè ki orí bọ̀, ọmọ lè gba ibẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Oyún ọ̀yà ń lò tó oṣù 5. Ẹ wo bó ṣe máa ń dun ènìyàn tó, kí ó dúró fún gbogbo àkókò yẹn, kí ajá sì wá jẹ ọmọ náà lẹ́yìn ilé.

Fún akọ kan àti abo méjì, ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, máa tó. Kí ó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Àwọn kan rò pé ilé gíga ni yóò tu ọ̀yà lára, àmọ́ ibi tí ìbẹ̀rù ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọ̀yà tí àyà rẹ̀ já máa ń fò sókè lójijì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Òmíràn nínú àwọn akọ wúwo ju kílógíráàmù 5 lọ. Bí àyè bá wà fún un láti fò jìnnà, yóò fi orí sọ òrùlé, ó sì lè kú síbẹ̀. Bí òrùlé bá súnmọ́ ọn, kò ní í rí agbára fò.

Ẹ pín ilé náà sí yàrá méjì. Ọ̀kan ní nẹ́ẹ̀tì níwájú, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun. Èkejì ṣókùnkùn, pákó àti páànù ló yí i ká, ihò kéékèèké díẹ̀ ló wà lókè fún afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni yóò máa sá wọ̀ bí ohunkóhun bá dẹ́rù bà á, ibẹ̀ náà ni yóò sì bímọ sí. Ẹ lu ihò sí ògiri àárín wọn, kí ọ̀yà tó tóbi jù lè gbà á, kí ẹ sì fi páànù ṣe ilẹ̀kùn tí a lè tì sọ́tùn-ún tì sósì láti ìta. Iṣẹ́ kékeré ni ilẹ̀kùn yìí lójú káfíńtà, ṣùgbọ́n òun ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ilé náà. Bí ẹ bá fẹ́ gbálẹ̀ yàrá ìjẹun, ẹ dúró kí wọ́n wọ yàrá òkùnkùn, ẹ tì í, ẹ ṣiṣẹ́ yín ní ìrọ̀rùn. Kò sí pé ẹ ń lé ẹran kiri inú ilé. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú ọ̀kan jáde, ẹ kan àpótí kékeré tí ẹnu rẹ̀ bá ẹnu ọ̀nà ilé náà mu. Ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ọ̀yà tí wọ́n lé, tí wọ́n fi ipá fa ìrù rẹ̀, ìrù náà lè já sí wọn lọ́wọ́, kò sì ní í hù mọ́ láé.

Ilẹ̀ ilé náà lè jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ máa jò sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ pákó tí wọ́n fi páànù bò sí apá kan, torí ẹran tó bá ń dúró lórí wáyà tọ̀sán tòru, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bó. Ìtọ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń ta òórùn tó ń gún imú. Bí ó bá ti ń gún tiyín, ó ti ń pa tiwọn lára.

Ibi tí a ó gbé e sí wá ńkọ́? Kí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Kí ó jìnnà sí ibi tí ajá ń sùn, àti sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà re ilé ìwé. Ẹni kan ni kí ó máa fún wọn lóúnjẹ, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe ń bọ̀ kí wọ́n lè dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Bí àlejò bá fẹ́ wò wọ́n, kí ó dúró lókèèrè. Ọ̀yà tó bá ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ gbì-gbì, tó sì ń súfèé, ń kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ kúrò níbẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ẹ kọ́ òrùlé tó gbòòrò sórí ilé náà kí òjò má fẹ́ wọlé. Páànù nìkan máa ń gbóná lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ to imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Kí ẹsẹ̀ ilé pákó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú agolo tí epo ọkọ̀ tí wọ́n ti lò wà nínú rẹ̀. Ìjàlọ ni a ń torí rẹ̀ ṣe é. Bí ìjàlọ bá wọlé lóru, kò sí ibi tí ẹran tó wà nínú àgò lè sá sí, àárọ̀ ni ẹ ó bá òkú. Kí òrùlé bo àwọn agolo náà pẹ̀lú, torí bí omi òjò bá kún wọn, epo yóò léfòó, yóò ṣàn dànù. Ẹ ṣọ́ koríko tó bá rọ̀ láti inú ilé dé ilẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó fún ìjàlọ láti gùn. Ti olè kò ṣòro: ẹ fi àgádágodo sí i.

Ìkòkò amọ̀ tó wúwo ni kí ẹ fi gbé omi kalẹ̀, torí agolo fífúyẹ́ ni wọn yóò dà nù. Ẹ ju egungun gbígbẹ àti igi líle bíi mélòó kan sínú ilé, kí wọ́n rí nǹkan ha. Ọ̀yà tó ní egungun lẹ́nu kì í fi bẹ́ẹ̀ wá igun ilé. Bí ẹ bá gé èèsún tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, ẹ sá a kí ó rọ díẹ̀ kí ẹ tó fún wọn, kí inú wọn má bàa wú.

Akọ kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú ilé kan. Akọ méjì tó ti dàgbà yóò ṣe ara wọn léṣe. Àwọn ọmọ tó jẹ́ akọ, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù 4. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin ọ̀yà ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọdẹ. Èyí tí tàkúté mú kì í sábà gbádùn nínú àgò.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kó wọn wọlé tuntun náà, nígbà tí àdúgbò bá ti dákẹ́. Lóru ọjọ́ kìíní, wọn yóò dán gbogbo igun wò. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tì wọ́n mọ́ yàrá òkùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí yàrá ìjẹun, kí ẹ wo àwọn igun, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ibi tí nẹ́ẹ̀tì ti pàdé òpó. Bí ẹ bá rí ibi tí pákó funfun ti yọ, tàbí tí ìdọ̀tí pákó wà nílẹ̀, eyín ti rí ibẹ̀ dì mú. Ẹ gé páànù lé e, kí ẹ sì kàn án pa kí alẹ́ ọjọ́ náà tó lẹ́.