Ọmọ Tí Ó Fẹ́ràn Ẹ̀dá Alààyè: Iṣẹ́ Wo Ni Yóò Ṣe?

Ní Asese, ní Mowe, ní Ibafo àti ní àwọn ìgbèríko tí ó yí wọn ká, ìwọ̀nba ni ilé tí ẹ̀gẹ́ kì í wọ̀. Òun ni gàrí, òun ni láfún, òun sì ni fùfú. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí kan náà ni a ti ń rí ọmọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó fẹ́ràn ẹranko, ẹyẹ àti kòkòrò, ṣùgbọ́n tí kò mọ iṣẹ́ tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dà. Baba fẹ́ kí ó di dókítà ènìyàn. Ìyá ń bẹ̀rù pé ẹni tí ń wo kòkòrò káàkiri kò ní rí oúnjẹ jẹ. Ẹ̀gẹ́ tí ó wà nínú oko wọn gan-an ni ẹlẹ́rìí pé ìbẹ̀rù náà kò ní ìdí, nítorí pé àwọn tí ń wo kòkòrò ni ó gbà á sílẹ̀.

ÀJÀKÁLẸ̀ NÍNÚ OKO Ẹ̀GẸ́

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn Potogí ni ó kó o wá sí etí òkun Áfíríkà ní ohun tí ó ju 400 ọdún lọ sẹ́yìn. Nígbà tí ó ń bọ̀, ó fi púpọ̀ nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973, ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville lẹ́bàá odò Kóńgò, a rí kòkòrò kékeré funfun kan tí ó bo àwọn ewé tútù orí igi ẹ̀gẹ́, bí ẹni pé a wọ́n ìyẹ̀fun sí wọn. Phenacoccus manihoti ni orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ ọ́. A lè pè é ní kòkòrò oníyẹ̀fun.

Kòkòrò yìí a máa fa omi ara igi mu. Ewé a ká jọ, ọ̀pá igi a ràn, ìdàgbàsókè a sì dúró. Abo ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ṣoṣo lè yé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyin láìsí akọ. Nínú oko tí ó bá ti jà gidigidi, ó lè gba tó 80 nínú 100 ìkórè. Inú igi ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ ń gbé láti oko dé oko fún gbígbìn ni ó ń bá rìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Kí ọdún 1980 tó wọlé, ó ti dé Nàìjíríà. Oògùn apakòkòrò kò rọrùn fún àgbẹ̀ kékeré láti lò sí i: ó wọ́n, kòkòrò náà sì fara pamọ́ sí àárín ewé tí ó ká.

ỌMỌ INÚ OKO TÍ Ó DI OLÙWÁDÌÍ KÒKÒRÒ

Ní ọdún 1979, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hans Rudolf Herren dé sí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní IITA ní Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Ní ilẹ̀ Switzerland ni a bí i ní 1947, inú oko ni ó sì ti dàgbà. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ti Zurich, ó sì lọ sí Yunifásítì California ní Berkeley láti túbọ̀ mọ̀ nípa bí a ti ń fi kòkòrò ṣẹ́gun kòkòrò. Kì í ṣe dókítà ènìyàn, kì í sì í ṣe dókítà ẹran. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tí kòkòrò ń jẹ, àti ohun tí ń jẹ kòkòrò.

Ìbéèrè ọ̀kan ṣoṣo ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀: bí kòkòrò yìí bá ti Amẹ́ríkà wá bí ẹ̀gẹ́ ti wá, kí ni kò jẹ́ kí ó pa gbogbo ẹ̀gẹ́ run níbẹ̀? Ó dájú pé ọ̀tá kan wà tí ń ká a lọ́wọ́ kò ní ilé rẹ̀. Ọ̀tá náà ni wọ́n ń wá.

Ìwákiri náà kò rọrùn. Ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, a rí kòkòrò funfun kan lórí ẹ̀gẹ́ tí ó jọ ti Áfíríkà bí ìbejì. A kó àwọn ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè bí sí ara kòkòrò ti Áfíríkà. Nígbà tí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ya irú kòkòrò kan kúrò lára òmíràn fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó dáadáa, ó hàn pé irú mìíràn ni. Èyí ní akọ àti abo, nígbà tí ti Áfíríkà kò ní ju abo lọ. Ní 1981 a sọ ọ́ ní Phenacoccus herreni, láti fi bu ọlá fún Herren.

Ní ọdún 1981 kan náà ni Anthony Bellotti, olùwádìí kòkòrò tí ń ṣiṣẹ́ ní Kòlóḿbíà, rí ojúlówó kòkòrò oníyẹ̀fun náà ní ilẹ̀ Paraguay. Ọ̀tá rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀: agbọ́n kékeré kan, Anagyrus lopezi, tí kò gùn tó ìdajì wóró ìrẹsì. Abo agbọ́n yìí a máa yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò oníyẹ̀fun. Nígbà tí ẹyin bá pa, ọmọ agbọ́n a jẹ kòkòrò náà láti inú títí yóò fi kú, a sì jáde bí agbọ́n tuntun.

A kò tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ gbé e lọ, tí a há a mọ́, tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, kí a má baà fi ọ̀tá kan lé òmíràn tí ó burú jù ú lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó dé Ìbàdàn, a sì tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1981. Agbọ́n náà dúró, ó bí sí i, ó sì tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀. A tún pín in fún orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ju 20 lọ. Ní àwọn ibòmíràn, ọkọ̀ òfurufú ni a fi tú u sórí oko. Kòkòrò oníyẹ̀fun kò parẹ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò tún ká ẹ̀gẹ́ bí ti àtijọ́ mọ́.

Ní 1995 a fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Ṣáájú èyí, ní 1994, ó ti di olórí ilé ìwádìí kòkòrò tí a ń pè ní ICIPE ní Nairobi. Ọmọ Áfíríkà ni ó dá ilé ìwádìí náà sílẹ̀ ní 1970: Thomas Odhiambo, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí òun náà fi ẹ̀kọ́ kòkòrò ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ÀTI ÒBÍ

1. Ìfẹ́ ẹ̀dá nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ di ìbéèrè. Kí ọmọ ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ọjọ́ sí i, ohun ọ̀gbìn tí ó wò, kòkòrò tí ó rí lórí rẹ̀, ohun tí kòkòrò náà ń jẹ àti ohun tí ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé náà yóò fi ibi tí ọkàn rẹ̀ tẹ̀ sí hàn án.

2. Kí ó má ṣe fojú tín-ín-rín ohun kékeré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín kòkòrò méjì ni ó ya òpò asán kúrò lára iṣẹ́ tí ó bọ́ sí i.

3. Iṣẹ́ kò mọ ní ẹyọ kan. Dókítà ẹran wà, olùwádìí kòkòrò wà. Olùtọ́jú igbó àti ẹranko wà, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹja wà, ẹni tí ń wá irúgbìn tí àrùn kò lè bá jà sì wà. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988 kò jìnnà sí Asese, a sì ń kọ́ni ní púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí níbẹ̀.

4. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹranko kò gbọdọ̀ sá fún kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò. Kòkòrò tí a kò kà, a kò lè mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù.

5. Kí òbí jẹ́ kí ọmọ dán iṣẹ́ wò kí ó tó yàn án. Ní àkókò ìsinmi, kí ó bá dókítà ẹran lọ sí ọgbà adìẹ tàbí agbo ewúrẹ́. Bí kò bá lè fara da ẹ̀jẹ̀ àti ọgbẹ́, kì í ṣe pé ìfẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀dá kú. Ó lè jẹ́ pé igbó, odò tàbí ilé ìwádìí ni ó ń pè é.

FÚN ÀGBẸ̀

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kòkòrò oníyẹ̀fun ń pọ̀ jù, nítorí òjò a máa wẹ̀ ẹ́ dànù. Kí a má ṣe gé igi tí ewé orí rẹ̀ ti ká jọ fún gbígbìn. Kí a fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ oníyanrìn, kí a sì fi ìgbẹ́ ẹran sí i. Nínú ilẹ̀ tí ó ti ṣá, agbọ́n náà kì í lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí a má sì kàn máa fọ́n oògùn apakòkòrò sí oko ẹ̀gẹ́, nítorí oògùn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá: agbọ́n tí ń ṣiṣẹ́ láìgba owó ni yóò kọ́kọ́ pa.