Sípíkà Bàbá àti Tẹlifíṣàn Tuntun

ÌBÉÈRÈ

Bàbá mi fi sípíkà onígi ńlá méjì sílẹ̀ fún wa, àwọn tí wọ́n fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Sunny Adé àti Ebenezer Obey nígbà tí a wà ní kékeré. Láìpẹ́ yìí ni mo ra tẹlifíṣàn tuntun fún màmá mi. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, màmá kì í sì í gbọ́ ìròyìn dáadáa. Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò títí, n kò rí ibi tí wáyà sípíkà lè wọ̀. Ẹnì kan ní kí n gé ẹnu wáyà náà, kí n so ó mọ́ ihò earphone. Ẹlòmíràn ní kí n ta sípíkà náà fún àwọn tó ń ra àlòkù, kí n fi owó rẹ̀ kún owó soundbar. Èwo ni kí n ṣe?

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ má ta sípíkà, ẹ má sì gé wáyà.

Tẹlifíṣàn òde òní ti fẹ́lẹ́ jù. Sípíkà inú rẹ̀ kéré, ilẹ̀ tàbí ògiri ni ó sì sábà máa ń kọjú sí. Àpótí bàbá yín ní àyè nínú, awọ sípíkà rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti ti afẹ́fẹ́ dáadáa. Àmọ́ kò ní agbára tirẹ̀: ẹ wò ó, kò ní wáyà tó ń lọ sójú iná. Bí ìlù ló rí, àfi kí ọwọ́ kàn án kó tó dún. Amplifier ni ọwọ́ náà. Nígbà ayé bàbá, ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ihò earphone kò lè ṣe é. Agbára ibẹ̀ kò ju èyí tó ń dún sí ènìyàn létí. Bí ẹ bá so sípíkà ńlá mọ́ ọn tààrà, ohùn wínníwínní lẹ ó gbọ́, ẹ sì lè ba ihò náà jẹ́.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣí aṣọ iwájú sípíkà, kí ẹ fi ìka kan etí awọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Fóòmù ló wà létí ọ̀pọ̀ sípíkà ayé ìgbà yẹn, fóòmù sì máa ń jẹrà bó bá ti pẹ́. Bó bá ń ya bọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń tún sípíkà ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà tàbí aṣọ, ó ṣeé ṣe kó ṣì le koko.

Bí ẹ̀rọ bàbá bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ ó rí ihò pupa àti funfun tí wọ́n kọ AUX, TAPE tàbí CD sí. Bí ẹ bá rí i, ó ti parí. Èyí tí wọ́n kọ PHONO sí, ẹ fi í sílẹ̀: abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló wà fún, ohùn tẹlifíṣàn yóò le jù fún un. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sí mọ́, amplifier kékeré wà ní Alaba àti Computer Village l'Ékòó. 30 sí 50 watt fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ti tó pálọ̀ í gbé. Kí ẹnikẹ́ni má fi 1000 watt tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín jẹ.

Tòkunbọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo fẹ́ràn wọn, ara wọn le dáadáa, ṣùgbọ́n 100 volt ni ti Jàpáànù ń lò, 120 ni ti Amẹ́ríkà, 230 sì ni iná tiwa. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, èéfín lẹ ó rí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí 220, 230 tàbí 240, ẹ ra step-down mọ́ ọn, tàbí kí ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tuntun lẹ ó rà, ẹ wá èyí tó ní HDMI ARC, ojú HDMI tí ohùn tẹlifíṣàn ń gbà lọ sínú amplifier. Láti ọdún 2009 ló ti wọ inú HDMI, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí tẹlifíṣàn tuntun tí kò ní in. Rìmóòtù kan náà ni màmá yóò fi máa yí ohùn sókè sódò, ìyẹn nìkan sì tó ìdí láti yàn án. Fún amplifier àtijọ́, ẹ lo ojú optical tó wà lára tẹlifíṣàn, ihò kékeré onígun mẹ́rin tí ìmọ́lẹ̀ pupa ń tàn nínú rẹ̀, kí ẹ fi DAC, àpótí kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ náà di ohùn tí amplifier lè gbà, sáàárín. Ibí yìí ló ti ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn: wọ́n á so gbogbo rẹ̀ tán, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ sípíkà lẹ́nu. Nǹkan kan ò bàjẹ́. Ẹ wọ ibi ètò ohùn lórí tẹlifíṣàn, kí ẹ yan PCM dípò Dolby tàbí Auto; DAC olówó pọ́ọ́kú kò lè tú Dolby. Bluetooth náà wà, àmọ́ ohùn rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ lẹ́yìn àwòrán: akàròyìn á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé etí yín. Orin ni mo máa ń fi gbọ́.

Ẹ yọ amplifier lójú iná kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ní sípíkà méjèèjì; bí ọ̀kan bá yí padà, bass yóò pòórá. Bí àmì kò bá sí lára wáyà, ẹ fi bátìrì rìmóòtù kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ́ẹ́rẹ́. Bí awọ bá yọ síta, èyí tó wà ní orí bátìrì ni pupa. Ẹ wo iye ohm tó wà lẹ́yìn sípíkà pẹ̀lú, 4, 6 tàbí 8, kí ó má ṣe kéré sí èyí tí amplifier ní òun lè gbà.

Ẹ má tì wọ́n sí kọ̀rọ̀ ògiri, ẹ gbé wọn sórí nǹkan kí wọ́n ga tó etí ẹni tó jókòó. Bó bá di àsìkò ìròyìn, ẹ dín bass kù. Òun ló máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún àgbàlagbà.